Ẹ̀rí Kẹta Tí Aláago Ń Wá

Àwọn ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní kí n wá sọ díẹ̀ nípa ọkọ mi, pé wọ́n fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wọn. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé mo fẹ́ kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá o. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá a gbé, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mà á sọ. Àwọn kan á tún ní kí n máa pe ọkọ mi ní "wọ́n". Níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sinmi jàre.

Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó wà láàárín ilé olóògùn àti ti oníbàtà, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, abẹ́ fèrèsé náà ni tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wà. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe, àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ní sípíríǹgì àti kẹ̀kẹ́ kéékèèké eléyín nínú, kì í ṣe àwọn tuntun tí bátìrì ń gbé kiri. Ìdè, ìyẹn síkúrù, inú aago mìíràn kò tó ẹyin iná orí. Ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń gbé e, awò ojú kan ló fi ń wò ó, ó sì gbọ́dọ̀ di èémí mú, torí tó bá fi lè mí sí i, ó fò lọ nìyẹn, ẹ di ẹni tó ń fi orúnkún rìn kiri ilẹ̀. Mo ti rí ọkọ mi tó di èémí mú títí tó fi kù díẹ̀ kí èmi tí mò ń wò ó pariwo. Ọwọ́ rẹ̀ kì í mì. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé, "Ọwọ́ Bàbá Aláago! Gbé omi lé e, kò ní dà."

Ibi tó ti kọ́ṣẹ́ aago náà ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gá wọn ní pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kan tó ń gbé sórí àpótí. Tí ọwọ́ bá ti dilẹ̀, àwọn ọmọṣẹ́ méjèèjì á jókòó tì í. Ọmọṣẹ́ kejì yẹn, Alárìnká ni mà á máa pè é, torí bí ọkọ mi ṣe ń pè é nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọjọ́ tí wọ́n parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, Alárìnká ju ẹ̀mú sílẹ̀, ó ní ṣẹ́ẹ̀sì lòun máa fi jẹun. Ó sì lọ lóòótọ́. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti di ọ̀gá àgbà. Ọkọ mi ní tirẹ̀ fẹ́ mi, a bí ìbejì, ó dúró ti aago.

Ọ̀gá àgbà yìí, òun ni oyè tó ga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì. A kì í jogún ún, wọn kì í sì í gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti jẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí o lọ sí ìdíje ńlá mẹ́ta tí àwọn ọ̀gá àgbà wà, kí o sì ṣe dáadáa láàárín wọn bí ẹni tó ti jẹ́ ara wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi gba ẹ̀rí kìíní ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Oyún ìbejì wà nínú mi, ó wọlé, ó forí gbá férémù ìlẹ̀kùn, kò tiẹ̀ mọ̀, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ó gba ìkejì ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Láti ìgbà náà ló ti ń lé ẹ̀kẹta, tí ẹ̀kẹta ń sá fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹ́ pé ààbọ̀ máàkì péré ló kù fún un, ìyẹn ọ̀mì kan ṣoṣo.

Ẹ má rò pé mi ò bá a sọ̀rọ̀. Alárìnká máa ń yà kí wa tó bá gba ọ̀nà wa kọjá, mo sì ń wo irú ayé tó ń jẹ. Báàgì kan, kóòtù kan. Láàárín oṣù kan ó lè sùn ní ìlú márùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́jọ́ kan eyín ń dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀, mo ní kó jẹ́ ká lọ rí oníṣègùn eyín, ó ní kò sáyè, pé ọkọ̀ òun máa gbéra ní ọ̀sán yẹn, òun ní ìdíje lọ́la. Bó ṣe jáde báyìí ni mo kọjú sí ọkọ mi.

"Bàbá Ìbejì, ṣé irú èyí náà lẹ ń wá kiri? Ọ̀gá àgbà tí kò ráyè tọ́jú eyín ẹnu ara rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, mi ò fẹ́ ìrìn rẹ̀. Oyè rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ mi kí n tó kú, kí n sì máa tún aago mi ṣe."

"Kí ni oyè yẹn máa ṣe fún aago?"

"Kò ní ṣe nǹkan kan fún aago. Èmi ló máa ṣe é fún."

Mo lọ gbé omi tíì kaná.

Ní ẹgbẹ́, Baba Ọ̀mì ni wọ́n ń pè é, torí pé bó o bá tiẹ̀ ń borí rẹ̀, yóò fa eré náà títí yóò fi di ọ̀mì mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí pátákó kún bámúbámú, tí kálukú ń pa ọmọ-ogun ara wọn bí ẹní pa ẹ̀fọn. Ti ọkọ mi kọ́ nìyẹn. Ìgbà tí pátákó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ni ara rẹ̀ máa ń yá, tó bá ku ọba méjì, ilé-ìṣọ́ méjì, àti ọmọ-ogun kan tó ń wá ọ̀nà dé òpin pátákó kó lè di ayaba. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, èèyàn lè há a sórí, ìparí rẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ẹyọ ọgbọ́n kan ló kọ́ èmi, ìdérí ìgò ló fi kọ́ mi lórí tábìlì ilé ìdáná. Ó ní: ká ní ọ̀tá rẹ ní ọmọ-ogun kan tí ìwọ ò ní. Gbé ọba rẹ dí i lọ́nà. Gbé ilé-ìṣọ́ rẹ sórí ìlà kẹta láti ọ̀dọ̀ rẹ, kó dúró bí ọlọ́dẹ ẹnu géètì, kí ọba ọ̀tá má rí ibẹ̀ kọjá. Má ṣe nǹkan mìíràn, ṣáà máa lọ, máa bọ̀ lórí ìlà yẹn. Ọjọ́ tí ara bá kan án, tó ti ọmọ-ogun rẹ̀ wọ ìlà kẹta, lójú ẹsẹ̀ ni kí o gbé ilé-ìṣọ́ rẹ sá lọ sí òpin pátákó lọ́hùn-ún, kí o máa ti ẹ̀yìn lé ọba rẹ̀ kiri. Kò ní ibi tó máa sá sí mọ́. Ọ̀mì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọba lo gbé lásìkò yẹn, o ti kú. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ kọ́ mi. Ó ní torí pé ìyẹn ló jọ ìgbéyàwó. Mo sọ ìdérí ìgò kan lù ú.

Ọdún kan àbọ̀ ṣáájú ìdíje tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Mo gbé tíì fún un ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń gbọ́ bí ife ṣe ń lu àwo pẹrẹsẹ. Mo ní ṣé òtútù ni? Ó ní òtútù ni. Oòrùn sì mú ganrínganrín lóde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo bá a lábẹ́ tábìlì lórí orúnkún, ó ń wá ìdè kan tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè sí mi, ó ń gbọ̀n rìrì lójú àwa méjèèjì. Ẹ̀rù bà mí. Kí n má purọ́, mo sunkún ṣáájú rẹ̀.

Dókítà ní kì í ṣe àrùn tó ń pani, ṣùgbọ́n kò ní lọ. Ó ní tí èèyàn bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó gba ìrọra, tàbí tí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì, yóò máa le sí i ni. Ó fún un ní oògùn oníhóró. Bí a ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀, ọkọ mi dúró lójú ọ̀nà, ó di apá mi mú.

"Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ gbọ́. Àwọn ọmọ pàápàá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Aláago tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ta ló máa gbé aago fún un? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Orí mi ò!

Bí èmi tí mò ń ránṣọ láti ìgbà ọmọge ṣe di aláago nìyẹn. Mo ran aṣọ títa kan, a fi dá ṣọ́ọ̀bù sí méjì, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọkọ mi wà níwájú pẹ̀lú awò ojú kan lórí irun rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Tí oníbàárà bá gbé aago dé, á gbà á, á ní "Ẹ jókòó ná", á gbé e wọlé bá mi, á wá dúró lẹ́yìn mi, á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Sọ́tùn-ún díẹ̀. Rọra. Má mí." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yọ sípíríǹgì tó ta fíì lọ sójú mi. Mo ba aago mẹ́ta jẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Inú bí mi débi pé mo sọ fún un pé tó bá tún sọ fún mi pé kí n má mí, mà á dákẹ́ mímí pátápátá, kó wá máa wá ẹni tó máa bá a tún aago ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Rírán ṣòkòtò àti títún aago ṣe, ọ̀kan náà ni, sùúrù ló kún inú wọn.

Ibẹ̀ la ti ṣe àṣìṣe wa, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí iṣẹ́ mi ṣe ń dára sí i ni wọ́n ń yin ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Bàbá, ọwọ́ yín yìí, kò sí méjì rẹ̀!" Mà á máa gbọ́ wọn lẹ́yìn aṣọ títa, ẹ̀yìn ń ro mí, awò ti sàmì róbótó sí ojú mi, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ mi yin ẹlòmíràn. Ọkọ mi á wúkọ́. Nígbà mìíràn á dùn mí, nígbà mìíràn á pa mí lẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ìyìn náà ń kó jọ síbì kan dè wá.

Ìgbà tó yá, ìdíje ńlá kan wá sí ìlú wa, nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ọkọ mi ti pé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó sọ fún mi gbangba pé tí ẹ̀rí kẹta kò bá jáde níbí, ó ti parí nìyẹn, torí ọwọ́ náà ń burú sí i, òun ò sì lè máa fi í pamọ́ fún ẹni tó jókòó kojú òun fún wákàtí márùn-ún. Ó ní kí n má wá wòran. Mo kọ etí ikún sí i. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, mà á ti ṣọ́ọ̀bù, mà á lọ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn láàárín àwọn òǹwòran, tí àwọn oníbàárà wa kan wà lára wọn.

Ẹ ò bá rí ọgbọ́n tó ń dá. Á fi itan jókòó lé ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá ti mọ ohun tó fẹ́ gbé, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, á yọ ọwọ́ náà fìrí, á gbé e, á tún dá a padà sábẹ́ itan kí ẹnikẹ́ni tó rí i dáadáa. Àwọn tó wà nítòsí mi ń sọ pé Baba Ọ̀mì ti ń ṣe fáàrí, pé ẹ wò ó bó ṣe ń jan nǹkan mọ́lẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn. Ó lu àwọn ọ̀gá àgbà méjì, ó bá àwọn yòókù ta ọ̀mì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ọ̀mì kan ṣoṣo ló kù tó máa gbà lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri. Ẹni tó máa bá a ta, Alárìnká ni.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ta á fún wákàtí mẹ́rin. Alárìnká kò fi ojú ọ̀rẹ́ àtijọ́ wò ó o, ó le mọ́ ọn, ó fi ọmọ-ogun kan jù ú lọ, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí pátákó díẹ̀díẹ̀. Lójijì ni mo wo pátákó ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri fún àwa òǹwòran, mo sì dá a mọ̀. Ọba dí ọ̀nà. Ilé-ìṣọ́ wà lórí ìlà kẹta. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Èmi tó jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, òun náà ló dúró sára ògiri yẹn! Mo gbá obìnrin tó jókòó tì mí lápá mú, mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Alárìnká rò ó títí, ó ti ọmọ-ogun náà wọ ìlà kẹta, ó tẹ aago tó ń ka àkókò eré wọn. Kí ọkọ mi ṣáà gbé ilé-ìṣọ́ lọ sí òpin pátákó, ó parí. Mo mọ̀, òun náà mọ̀, torí mo rí ẹ̀rín níbi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ayọ̀ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò mí kanlẹ̀. Ó kàn na ọwọ́. Ọba ló sún mọ́ ọn, ilé-ìṣọ́ wà níwájú díẹ̀, bí ọwọ́ náà ṣe ń kọjá lókè ọba ló gbọ̀n, ìka rẹ̀ gbá adé ọba. Ọba fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí, ó dúró.

Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tí o bá fọwọ́ kàn nígbà tó bá kàn ọ́ láti ta, òun lo gbọ́dọ̀ gbé. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" níbẹ̀. Àfi tó bá ṣèèṣì ni.

"Ó fọwọ́ kan ọba." Alárìnká ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo. Ó dá aago dúró, ó nawọ́ pe rẹfirí.

Obìnrin ni rẹfirí náà, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀ kí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dí àwọn tó ń ronú lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn. Gbọ̀ngàn dákẹ́ débi pé àwa tó wà lẹ́yìn ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ kàn án?"

"Mo kàn án. Ó ṣèèṣì ni. Ilé-ìṣọ́ ni mo fẹ́ gbé."

Alárìnká mi orí. "Ẹ gbọ́ mi o, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ọkùnrin yìí nídìí iṣẹ́. Aláago ni. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nílùú yìí. Ọwọ́ yẹn kì í ṣèèṣì. Ohun tí ìka rẹ̀ bá bà lé, òun ló fẹ́ mú."

Ẹnì kan lára àwọn oníbàárà wa, tí mo tún aago rẹ̀ ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì sọ ọ́ sí ẹni kejì rẹ̀ létí pé ọwọ́ Bàbá Aláago kì í mì. Ẹ ò rí nǹkan! Iṣẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi ṣe lẹ́yìn aṣọ títa ló dìde dúró tó ń jẹ́rìí ta ko ọkọ mi.

Rẹfirí ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé fún mi ni. Kí ló gbé ọwọ́ yín dé orí ọba?"

Ó jókòó, ó ń wo pátákó. Gbogbo ohun tó ní láti sọ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó di ọ̀gá àgbà nìyẹn. Mò ń sọ ọ́ nínú mi pé ẹ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́. Rẹfirí ń dúró. Alárìnká ń wo ilẹ̀. Ó pẹ́. Ó pẹ́ jù. Ara mi kò gbà á mọ́, mo dìde.

"Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n!" Ohùn mi gba gbogbo gbọ̀ngàn. "Ó ń ṣàìsàn! Ọwọ́ yẹn ò lè di ìdè kan mú mọ́ láti ọdún kan àbọ̀! Èmi ni mò ń tún aago yín ṣe! Èmi!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi, mo sì gbọ́n tó láti mọ̀ ọ́n. Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Orí kan ṣoṣo ni kò yí, ti ọkọ mi.

"Ìyàwó mi ò mọ ohun tó ń sọ," ló sọ fún rẹfirí. "Ọba ni mo fẹ́ gbé."

Ó wá yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, kò yára, ó nà án níwájú gbogbo èèyàn. Mi ò rí i kó gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó di ọba mú, ìdí ọba ń lu pátákó kọ̀kọ̀kọ̀ kó tó jókòó. Ẹni tó sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í mì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú Alárìnká pọ́n, kò lè wò ó, ṣùgbọ́n òfin lòfin, ó bá eré lọ. Kò gbà ju ìṣísẹ̀ mọ́kànlá lọ kí ọkọ mi tó pàdánù. Wọ́n ti mú mi jáde nígbà náà, torí òǹwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ojú fèrèsé ni mo ti rí i tó ń bọ Alárìnká lọ́wọ́.

Alárìnká wá bá mi níta. "Ìyàwó wa, ká ní mo mọ̀, mi ò bá má la ẹnu mi."

"Ẹ máa lọ," ni mo dá a lóhùn. "Ọkọ̀ yín á fi yín sílẹ̀." Mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí. Mo ṣáà fẹ́ rí ẹni tí mà á kanra mọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn kan wá gba aago wọn padà láìtún un ṣe. Wọn ò wo ojú wa. Wọ́n ní àwọn ń rìnrìn àjò, gbogbo wọn ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kan náà. Àwọn mìíràn dúró tì wá, wọ́n ní "Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é ni? Ẹ bá wa ṣe é." Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló já aṣọ títa náà, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Èmi wá ń jókòó gbangba lábẹ́ fèrèsé, òun ń kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé pẹ̀lú lẹ́tà tó wọ́. Kò dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mọ́. Pátákó rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń gba eruku.

Kò bá mi jà. Ìyẹn ló burú jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, "ó ti yá" àti "ó ti tó" nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ fún un ní yàrá. Mo ní ẹ bú mi, ẹ ṣáà sọ nǹkan kan sí mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń de ìdè sí aago obìnrin kan, ó wá dúró lẹ́yìn mi bó ṣe máa ń dúró tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé kí n má mí ni.

"Ìyá Ìbejì, mo ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà."

Mo gbé ẹ̀mú sílẹ̀. "Ẹ ti fẹ́ sọ kí ni?"

"Pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mò ń wá bí mà á ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹ̀bẹ̀. Mo ti rí i. Mo ti la ẹnu mi láti sọ ọ́ fún rẹfirí. Ìgbà yẹn gan-an lo dìde."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ ọ́? Mo ti là á sílẹ̀ fún yín, ẹ kàn máa ní bẹ́ẹ̀ ni!"

"Tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, ìṣòro mi ni mo sọ. Ẹnu tìrẹ ló ti jáde. Ẹ̀sín ni mo rí, mi ò rí nǹkan mìíràn."

"Irọ́ lò ń pa!" Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mi ò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí, àfi ọjọ́ yẹn. "O ò ní sọ ọ́! À bá jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, o ò ní sọ ọ́! O fẹ́ di ẹ̀bi rù mí ni!"

Kò bínú. Ó ní kí n rọra, pé ìdè máa fò.

Oṣù méje rèé. Tó bá jẹ́ irọ́ ló pa, mo ṣe ohun tí ìyàwó tó bá fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ máa ṣe. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, èmi ni mo gba oyè náà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀. Bí mo bá jókòó sídìí iṣẹ́, mà á dijú, mà á tún padà sínú gbọ̀ngàn yẹn, mà á máa wá ẹnu rẹ̀, bóyá ó ti là á lóòótọ́ kí n tó dìde. Mi ò rí i. Mi ò wo ẹnu rẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò.